Ọpẹ́ Àràárọ̀ Mouftaou

Nígbà tí Mouftaou bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ kiri, ohun tí Safouratou ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rò ni pé ọkọ òun fẹ́ kú.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé ní àdúgbò Houinmè ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n bí Bouchra, tí Bouchra náà dàgbà wọ ilé ọkọ, kò sẹ́ni tó mọ Mouftaou mọ́ ọpẹ́. Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ló ń ṣe. Bó bá fi òwú yí ọrùn agbádá ká, àwọn ará Àjàṣẹ́ a máa gbé e sókè wò nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, iyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Òǹrorò kọ́ ni o. Ojú rẹ̀ ló máa ń yára rí ibi tí nǹkan kù sí.

Ojú náà ló wá dà á. Nǹkan funfun kan rọra bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, títí kò fi lè mọ òwú dúdú yàtọ̀ sí òwú aláró mọ́. Ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó fi aṣọ bò ó. Saïbou aládùúgbò wọn, tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí kó tó wá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Safouratou ló ń bá a yọ eegun inú ẹja. Gbogbo rẹ̀ ni Mouftaou ń gbà láìfọhùn. Nígbà tó yá, dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ojú sì là.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó kírun tán, kò dìde lórí ẹní. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

“Ìyá Bouchra, o ṣé eegun ẹja.”

Safouratou rò pé ọ̀kan ti há a lọ́fun. “Eegun wo?”

“Àwọn tí o yọ.”

Ó yà á lẹ́nu, ó ṣáà dáhùn. Àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀nà Saïbou ni Mouftaou lọ dúró sí, ó kí i fún ọwọ́ tó fi ń fà á. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìyá tó ń gbá iwájú mọ́ṣáláṣí, ó kan káfíńtà òdìkejì tó máa ń dá òòlù dúró bí tọkọtaya náà bá ń sùn lọ́sàn-án. Bó bá ti kírun tán ni yóò wá ẹnì kan lọ, yóò sì sọ ohun tí ẹni náà ṣe fún un, ìbáà jẹ́ lánàá, ìbáà jẹ́ lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Àyà Safouratou já. Bí bàbá tirẹ̀ gan-an ṣe rìn láti ilé dé ilé nìyẹn kó tó papò dà. Ó tẹ Bouchra láago nílé ọkọ rẹ̀ ní Avrankou, ó ní bàbá rẹ̀ ti ń dágbére fáráyé. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí Bouchra fi dé, iṣu lórí, omijé lójú, ó ń béèrè ibi tó ń dun bàbá òun.

Mouftaou, tó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ó fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Kò síbi tó ń dùn mí. Nígbà tí mi ò ríran, etí nìkan ni mò ń lò. Mo ń gbọ́ bí ìyá rẹ ṣe ń dìde kílẹ̀ tó mọ́, bó ṣe ń rọra gbé ìkòkò kalẹ̀ kí n má baà jí. Bó ṣe ń rọra gbé e láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ nìyẹn, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo wá ní bí Ọlọ́run bá là mí lójú, màá máa sọ ọ́ jáde. Bí mi ò bá sì ṣe é lójoojúmọ́, mo mọ ara mi, màá gbàgbé.”

Ó dúpẹ́ iṣu lọ́wọ́ Bouchra. Bouchra nu ojú, ó bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọmọ padà sílé lọ́jọ́rọ̀, ara Safouratou ò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún kan tí òjò pọ̀, omi bo ọ̀nà àdúgbò wọn, ọkọ̀ ò lè wọlé, àìsàn sì dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mouftaou ló gbé ìyá náà pọ̀n, tó gbé e la omi kọjá dé títì níbi tí ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ ló ń ráhùn nítorí ṣòkòtò rẹ̀ tó tutù, inú bí Safouratou, kò sì dúpẹ́. Ìyá ti kú báyìí. Safouratou lọ jókòó ti ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ.

“Bàbá Bouchra, ẹ ṣé tí ẹ pọn ìyá mi.”

Mouftaou dá ẹ̀rọ dúró. “Mo ráhùn lọ́jọ́ náà.”

“Ẹ ráhùn. Ẹ sì pọ̀n wọ́n dé títì.”

Omi lé ròrò sójú Mouftaou. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ ra á, ni Safouratou bá mú aṣọ mímọ́, ó bá a nù ún.

Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń jókòó lórí ẹní bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á jọ pinnu ẹni tó kàn. Nígbà mìíràn wọ́n á jiyàn, torí ẹnì kan náà ni wọ́n jọ fẹ́ lọ kí. Bí òjò bá wá dá wọn dúró sílé, ara wọn ni wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́, títí ẹ̀kọ gbígbóná á fi tutù níwájú wọn.