Ìwé Inú Apẹ̀rẹ̀ Obì

Ilé oníobì ni wọ́n bí mi sí, ní Sábó, Ṣàgámù. Nílé wa, ohun tó bá ṣeyebíye, ewé tútù la máa ń fi wé e, a ó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, a ó sì fi ewé mìíràn bò ó lórí. Èmi ò mọ ìtọ́jú mìíràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé àwọn tíṣà ni mo wá bá lọ́dọ̀ ọkọ mi ní Ìpẹ̀rú. Wọ́n ní ìwé kíkà kan tí baba-ńlá wọn rà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹni tó mọ̀wé kà nílùú ò tíì pọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á ka ìtàn ọdẹ tí ajá rẹ̀ sọnù. Ìtàn yẹn nìkan ni wọ́n ń kà. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n sórí, síbẹ̀ wọ́n á tún rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń rín in látijọ́.

Ìyàwó tuntun ló máa ń tọ́jú ìwé náà lọ́dún àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ìyàwó, tọ́jú ẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ohun tó dáa nílé yín."

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, etí ìwé náà sì ti ń rún. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo wá ewé tútù, mo wé e dáadáa, mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, inú mi sì dùn sí ọwọ́ ara mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo tú u níwájú gbogbo wọn. Ìwé ti wú, ó ti ń bu. Ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò lè gbójú sókè. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ yẹn lọ ni wọn yóò máa sọ pé ọmọ oníobì ò mọyì ìwé.

"Ta ló kọ́ ẹ báyìí?" ni ìyá ọkọ mi wí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é bíi ti ilé wa, Màmá."

Màmá ní ká tẹ́ ẹní sáàárín ọgbà. A bẹ̀rẹ̀ sí í sá a sóòrùn, ojú ìwé kan tẹ̀ lé èkejì. Ṣùgbọ́n tíṣà ò ní í ṣe kó má ṣe tíṣà: a ò gbọdọ̀ ṣí ojú ìwé kan láìkà á tán. Báyìí la ṣe ka àwọn ìtàn tí ẹnikẹ́ni nílé náà ò kà rí. Ẹ̀rín pa wá, ẹ̀rù mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Nígbà tó yá, a dé ibi tí ojú ìwé méjì ti lẹ̀ mọ́ra láti ayébáyé. Ọ̀rinrin ewé mi ti tú u. Baba-ńlá ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ibẹ̀ pé: "Ẹ̀kọ ìyàwó mi dà síbí lónìí. Ó ń sunkún. Mo ní kó jókòó, ká máa kàwé wa lọ."

"Ẹ ò rí alákọ̀wé yìí," ni Màmá wí, wọ́n ń nu omi ẹ̀rín lójú. "Kò dúró kí ẹ̀kọ gbẹ kó tó pa ìwé dé."

Wọ́n wọlé, wọ́n mú pẹ́ńsù jáde, wọ́n nà án sí mi.

"Kọ tìẹ sábẹ́ ẹ̀."