Ẹni Tó Gbé Wa Kò Rí Ẹni Gbé E

Bàbá Iwájú kú lọ́sàn-án gangan, lórí bẹ́ńṣì kan ní gbọ̀ngàn àbáwọlé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun. Àpótí onígíláàsì kan wà ní ọ̀kánkán bẹ́ńṣì náà. Sítírẹ́ṣà àtijọ́ kan ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, igi méjì tí wọ́n na aṣọ líle sáàárín wọn, èyí tí bàbá yìí àti ẹnìkejì rẹ̀ fi ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun. Wọ́n ti fi fáníìṣì kun igi rẹ̀, ó ń dán. Ọmọbìnrin bàbá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sítírẹ́ṣà kan fi gbé bàbá òun wọlé. Wọ́n ní kò sí.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pariwo báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala mi nínú ìwé ìròyìn yìí mọ̀ mí sí aláriwo. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́, ńṣe ni ara mi kàn kú. Mo jẹun, n kò mọ ohun tí mo jẹ. Mo kàn jókòó kọ èyí nítorí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òkú kò sì lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé ó jẹ́ olórí ẹnikẹ́ni ni wọ́n ṣe ń pè é ní Iwájú. Iwájú sítírẹ́ṣà ló máa ń dì mú. Ẹnìkejì rẹ̀ ń jẹ́ Ẹ̀yìn. Ẹni tó wà níwájú ló ń rí ọ̀nà, kì í rí ẹni tó gbé. Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí ojú aláìsàn, òun ló sì ń bá a tàkúrọ̀sọ kó má baà sùn lọ. Bàbá Ẹ̀yìn máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé gbogbo ogun yẹn, ìpàkọ́ Iwájú lòun ń wò, pé òun mọ ìpàkọ́ ọ̀hún ju ojú ìyàwó òun lọ.

Ẹ̀ka ìṣègùn ni wọ́n ń pè wọ́n. Dókítà kan, àwọn nọ́ọ̀sì díẹ̀, àti àwọn tó ń gbé aláìsàn: onígbàjámọ̀, káfíńtà, olùkọ́ kan tí ojú rẹ̀ kò ríran tó láti yìnbọn. Ilé ìwé kan ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn. Orí tábìlì olùkọ́ ni dókítà ti ń ṣiṣẹ́ abẹ, ìkòkò oúnjẹ ló fi ń se irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí sítírẹ́ṣà kò tó, wọ́n yọ pátákó ìkọ̀wé lára ògiri, wọ́n fi ń gbé èèyàn. Ìṣirò àwọn ọmọdé ṣì wà lára rẹ̀.

Òfin kan wà láàárín wọn tí ọ̀gá kankan kò fi lélẹ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹnìkan kalẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó síbi orí rẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi dé, tí á sọ pé, "Mo ti gbà á." Ìbáà yè, ìbáà kú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun sá kúrò ní agbègbè ilé ìwé yẹn, àwọn aláìsàn kan wà tí kò ṣeé gbé rárá. Ẹ̀ka ìṣègùn kò lọ. Wọ́n jókòó síbi orí wọn. Ọ̀pọ̀ kò jáde níbẹ̀ mọ́, aláìsàn àti ẹni tó jókòó tì í.

Bàbá mi wà lára àwọn tí Iwájú àti Ẹ̀yìn ti gbé jáde kó tó dìgbà náà. Télọ̀ ni bàbá mi. Títí ó fi kú, òun ló ń rán ṣòkòtò fún àwọn méjèèjì, kò sì gbowó rí. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ẹsẹ̀ wọn ni mo fi rìn délé."

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn. Ìbéèrè kan péré ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà bi Bàbá Iwájú àti ọmọ rẹ̀: ṣé bàbá gbé ìbọn nígbà ogun? Àṣẹ tó wà nílẹ̀ ni pé ẹni tó gbé ìbọn nìkan ni ọmọ ogun, òun nìkan ló lè wọlé tààrà. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé òun ti fẹ́ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ wádìí? Ṣùgbọ́n bàbá tí kò lè mí délẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, má purọ́ mọ́ mi. Mi ò fọwọ́ kan ìbọn rí."

Ohun tí gbogbo ẹ̀ka wọn fi ń yangàn nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi dá a dúró. Akọ̀wé ní kí wọ́n jókòó ná, kí òun bi ọ̀gá òun. Ọ̀gá wà ní ìpàdé. Bàbá wo àpótí onígíláàsì náà títí, ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló ń bá wọn nu eruku ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ta ló sọ fún yín pé ìbọn nìkan ló ń jagun? Ẹ̀yin ọ̀gágun tí àmì ẹ̀yẹ kún àyà yín, mélòó nínú yín ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde lójú ogun? Ẹ ráyè kun igi ní fáníìṣì, ẹ ò ráyè ẹni tó gbé igi. Sítírẹ́ṣà ní ilé tirẹ̀, ó ní iná lórí, ó tún ní ẹ̀ṣọ́. Ká ní bàbá mọ̀ ni, ì bá wọnú àpótí lọ sùn, bóyá nọ́ọ̀sì kan ì bá yà wò ó. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ta wá ni kí á pè ní ọlọ́ṣà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Bàbá Iwájú kú tán, kò tíì dère. Àwọn tó ń ṣàkóso ibi ìsìnkú ọmọ ogun ní àwọn ò lè gbà á. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi ìdílé rẹ̀: ṣé ó gbé ìbọn? Mọ́ṣúárì ló ṣì wà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo lọ síbẹ̀. Mo bá Bàbá Ẹ̀yìn lórí àga onírọ́bà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ṣòkòtò tí bàbá mi rán ló wọ̀, orúnkún rẹ̀ ti ṣá. Àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀ ẹ́ títí kó lọ sinmi nílé, kò gbà. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi, mo ti gbà á." Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó gbà á. Àwọn tó rán wa níṣẹ́ ni."

Nítorí náà, mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ṣe òfin ìbọn yẹn, kó jáde wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní gbangba. Mo fẹ́ mọ ìpàdé tí ọ̀gá wà tí ẹ̀mí fi bọ́ sórí bẹ́ńṣì. Ẹ ṣí àpótí onígíláàsì yẹn. Ẹ gbé sítírẹ́ṣà náà jáde, ẹ fi gbé Bàbá Iwájú lọ síbi tí ẹ ń sin àwọn ọmọ ogun sí. Kí ọ̀gágun àgbà fúnra rẹ̀ wá di iwájú mú, torí àyè ibẹ̀ ti ṣófo. Bàbá Ẹ̀yìn ní òun ṣì lè di ẹ̀yìn mú.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀gágun tó fọwọ́ kan igi náà, kó kọ́kọ́ lọ sọ fún arúgbó tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn pé òun ti gbà á. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, arúgbó yẹn kò ní dìde.