Àgbá Tí A Gbé Sórí Igi

Òórùn èéfín igi ẹ̀gbà, igi inú irà etí omi, ló kún ilé wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú. Ó ń yan ẹja sáwá, mo ń bá a fẹ́ iná. Ó ní, "Tíṣà, ìwé nìkan lẹ mọ̀. Eérú lẹ ń fẹ́ sí mi lójú." A rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bi mí ní ìbéèrè tó ti máa ń bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí a ti fẹ́ra: ṣé ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin jẹ̀rora kó tó kú lójú ogun? Mo ní rárá, ọta ìbọn kan ṣoṣo ló bá a. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó dùbúlẹ̀, ó ní ó rẹ òun, kò sì jí mọ́.

Irọ́ ni mo pa fún un. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ dàgbà ní Ugbónlà, a jọ wọṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, wọ́n sì kó wa sídìí àgbá kan náà, irú èyí tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń fọ́ ọkọ̀ ogun onírin. Ẹni tó kọ́ wa ní bárékè sọ pé kékeré ni àgbá náà nígbà tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ rọ ọ́. Bí irin ara ọkọ̀ ogun ṣe ń nípọn sí i ni wọ́n ń fa ẹnu rẹ̀ gùn sí i, títí tó fi ń tàpá bí ẹṣin. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ irin méjì sí i lẹ́yìn, tí ẹnu wọn fẹ̀ bíi ṣọ́bìrì, kí wọ́n lè gún ilẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí a dí ọ̀nà tó lọ síbi kànga epo rọ̀bì kan nínú irà. Bí a ṣe gbé àgbá kalẹ̀ ló ń rì. Sájẹ́ǹtì wa, ọmọ òkè tí kò rí irà rí, ní kí a fà á padà sórí ilẹ̀ líle, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbangba ni. Èmi ni mo dá a lóhùn. "Sà, níbi tí wọ́n ti bí wa, orí ẹrẹ̀ la ń kọ́lé sí. Ẹ jẹ́ ká tẹ́ igi."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yìí, ní, "Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló já ìyá rẹ̀ sódò." Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́kọ́ mú àdá. A gé igi, a tò ó bí ilẹ̀ ilé, a gbé àgbá lé e. Ó dúró gbọin, inú mi sì dùn. Ohun tí n kò rò ni pé ìsàlẹ̀ ni ilé ń tẹ̀, ẹ̀yìn ni àgbá ń ta sí. Ẹsẹ̀ irin náà kò rí ilẹ̀ gún.

Ọkọ̀ ogun ọ̀tá méjì yọ, katakata tí wọ́n fi irin bò. Èmi ni mo ń yin àgbá. Mo yìn ín. Èyí tó ṣáájú gbiná, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń já bọ́, iná ń jó wọn lára, wọ́n ń ké. Lẹ́sẹ̀ kan náà àgbá yọ̀ sẹ́yìn lórí igi tútù, ó gbá ọ̀rẹ́ mi tó gbé ọta kejì dání, ó sì kàn án mọ́ kùkùté. Mo gbọ́ bí egungun itan rẹ̀ ṣe fọ́. Sájẹ́ǹtì gbé ọta náà nílẹ̀, ó sì tì í sínú àgbá. Ọkọ̀ kejì ti yí gba ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń jó, ìbọn rẹ̀ sì gé ẹnìkan nínú wa lọ́rùn. A fi èjìká ti àgbá, kò mira. Bí mo bá tún yìn ín, ara ọ̀rẹ́ mi ni yóò padà sí. Ó fi èdè ilé wa sọ fún mi pé kí n má wo ojú òun.

Mo yìn ín. Ọkọ̀ kejì fọ́. Nígbà tí a fa àgbá kúrò, àyà ọ̀rẹ́ mi ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi ni mo fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára irin náà, nítorí a tún máa lò ó lọ́jọ́ kejì.

Mo délé, mo sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ọta ìbọn ló bá a. Mo rò pé mo ń ṣàánú wọn ni. Mo ti mọ̀ báyìí pé ara mi ni mo ń ṣàánú: mo fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, n kò sì fẹ́ kó mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa ló ń ṣe gbogbo nǹkan fún mi, oúnjẹ àti aṣọ fífọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo wọ ọkọ̀ ojú omi, èmi nìkan, mo tu ú lọ sí Ugbónlà, lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin, ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ìgbà tí mo yìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Àna mi," ó ní, "àbúrò mi, ìyàwó yín, mọ̀ pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Ó ní òun ò ní fi ipá gbà á lẹ́nu yín."

Ó ká àwọ̀n náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ máa lọ sílé lónìí. N kò tíì lè wò yín."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kí i, mo tú okùn ọkọ̀, mo sì kọ ojú rẹ̀ sílé.