Ẹni Tó Rọra Pè

Àbúrò mi obìnrin kò mọ ìjókòó mọ́. Láti ọjọ́ tí ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kó lọ dúró sílé de ìwádìí, kò sí ìkòkò tí kò fọ̀ tán nílé mi, kò sí aṣọ tí kò tú ká, tí kò sì tún ká. Bí mo bá gbé ife sílẹ̀, kí n tó yíjú, ó ti ṣàn án. Mo ní kó jókòó, ó jókòó. Kí n tó rí nǹkan mìíràn sọ, ó ti wà lójú fèrèsé, ó ń wòta bíi pé ẹnì kan ń bọ̀. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wa, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Èmi sì ni okùn, nítorí ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé.

Agbẹ̀bí ni, kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Ní yàrá ìrọbí wọn, aláboyún máa ń pọ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ, nítorí náà etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Bí obìnrin bá ń kérora lásán, wọn á ní ó ṣì kù. Bí igbe náà bá yí padà, tó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, wọn á sáré lọ bá a. Ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n gbà pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ nìyẹn. Àbúrò mi wá mọ̀ ọ́n débi pé Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é.

Obìnrin télọ̀ kan ló wá sọ etí náà di asán. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé ìrora kì í ṣe ohun tí à ń polongo. Lọ́jọ́ tó ń rọbí, tí àbúrò mi wà lẹ́nu iṣẹ́, ó rọra pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, kò sẹ́ni tó wá. Orí ibùsùn ló ti dá bímọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba ọmọ, òun náà ló tú okùn ìwọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọmọ yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìyá kò rí oorun sùn mọ́. Bí ìkókó bá ti dákẹ́, á jí i kó lè ké. Ìdí nìyẹn tó fi fẹjọ́ sun ilé ìwòsàn.

Àbúrò mi fèsì pé òun kò gbọ́ ìpè kankan. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ ju ìwúlò rẹ̀ lọ, ló kọ́ ọ. Ó ní bó bá jẹ́wọ́ pé òun gbọ́ tí òun kò lọ, wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Elétí Ehoro ni kò gbọ́? Inú bí mi, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni lọmọ ìyá ẹni. Mo pa ẹnu mọ́.

Kí ìgbìmọ̀ ìwádìí tó jókòó, ilé ìwòsàn ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ rí ara wọn lójúkojú, bí wọ́n bá fẹ́. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi ṣe onílàjà. Ó wá bá wa nílé, ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, níbi ìjókòó tòun kò sí adájọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn á sọ ibi tó ti ń dùn ún, èkejì á dáhùn, wọ́n á sì jọ wá ohun tó ṣeé tún ṣe. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì á wà níbẹ̀, a kò sì lè ní kó gbàgbé ohun tó bá gbọ́.

Lọ́jọ́ ìjókòó náà, wọ́n to àga yípo, kò sí tábìlì láàárín. Èmi ni mo tẹ̀ lé àbúrò mi. Ọkọ télọ̀ tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ tó gbé ọmọ dání. Àbúrò mi ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ títí mo fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ tó ti há sórí: ó dun òun, iṣẹ́ ló pọ̀, kí wọ́n má bínú. Télọ̀ náà mi orí.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni mo wá gbà. Ṣé mo pè yín, àbí n kò pè yín? Bàbá ọmọ ní bóyá inú ọkàn mi ni mo ti pè. Dókítà ní ìrọbí máa ń da ọpọlọ rú. Èmi náà ti wá ń bẹ̀rù orí ara mi. Bí n kò bá pè, ẹ sọ fún mi, kí n lọ gba ìtọ́jú."

Àbúrò mi dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo rò pé ó fẹ́ sá lọ ni. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì yíjú padà.

"Ẹ pè mí. Mo gbọ́ ti àkọ́kọ́, mo gbọ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Mo sọ lọ́kàn mi pé ẹni tí àkókò rẹ̀ bá tó kì í rọra pè. N kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ yín."

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wolẹ̀. Mo bínú sí àbúrò mi pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju iṣẹ́ nù, orí mi sì tún wú, n kò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú méjèèjì.

Télọ̀ kò sunkún. Ó kàn yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó bi í bó gbọ́. Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó ní òun gbọ́, ó sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Onílàjà béèrè ohun tí télọ̀ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ó ní nínú yàrá ìrọbí yẹn, láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá dákẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò. Ọ̀gá gbà, ó ní àwọn á bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ó ní ní ti ìwé àṣẹ, ìgbìmọ̀ á ṣì jókòó, òun kò sì lè ṣèlérí ohunkóhun. Wọ́n sọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn lórí ìyẹn. Nígbà tí onílàjà tún yíjú sí télọ̀ láti bi í bó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, kò dáhùn. Oorun ti gbé e lọ lórí àga, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ láti jí i. Àbúrò mi ti fa àga sún mọ́ ọn, ó sì ti jókòó.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn," ló wí. "Mo wà lọ́dọ̀ wọn."