Agbọ́n Tó Ń Fa Aáyán Bí Àgbò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọjá lọ, ẹ dúró, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ fo etí yín!

Ọkùnrin kan wà ní Mushin, Tìrìmísíyù, tó ń tún rédíò ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé Àlàájà Basheerah. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ò bà á lẹ́rù. Àfi ọjọ́ kan lọ́dún 1988 tó tú ẹ̀yìn rédíò Àlàájà, tí súkúrúdíráfà sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Agbọ́n ni! Ara rẹ̀ ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé, itan rẹ̀ pupa fòò. Ó fẹnu di irun iwájú aáyán ńlá kan mú, ó ń fà á lọ bí àgbò Iléyá. Aáyán ọ̀hún ń tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́! Kò sá, kò jà.

"Yéè! Àránsí!"

Nígbà tó ṣe, agbọ́n fò lọ, ó fi aáyán sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn tún fa aáyán wá, irú kékeré tó nílà aláwọ̀ ìyeyè lọ́rùn.

Ohun tí Tìrìmísíyù ti gbọ́ láti kékeré ni pé a kì í pa àránsí. Wọ́n ní kéèyàn sé e mọ́lé, ẹni tó rán an á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá béèrè nǹkan. Ó sé aáyán kọ̀ọ̀kan mọ́nú ìgò.

Ta ló kọ́kọ́ wá? Àlàájà!

"Tìrìmí, rédíò mi dà?"

Ó fara dí ìgò. "Ẹ má bínú, mà. Kò tíì sọ̀rọ̀."

"Ìwọ gan-an lo dà bí ẹni tí wáyà ẹ̀ já! Gbé e wá, àbí kó o kẹ́rù ẹ kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn mi."

Láti ọjọ́ náà, kò mu omi Àlàájà mọ́. Kò níbòmíràn tó máa lọ, síbẹ̀ ó ń dẹrù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ gorí ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ tó fẹ́ lọ, ìgò ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ikùn aáyán ti là, agbọ́n ń jáde nínú rẹ̀! Eré ló bá dé títì.

Ìgbà tó yọjú padà, ó wò ó dáadáa. Agbọ́n inú aáyán ńlá sanra. Ti aáyán kékeré rí tín-ín-rín, bí ọmọ tí oúnjẹ ò kárí.

"Àránsí wo," ó ń bá ara rẹ̀ sọ, "ló ń tóbi mọ bí oúnjẹ ẹ̀ bá ṣe tó? Ọmọ agbọ́n lásán nìyí! Ara aáyán ni ìyá ẹ̀ yé ẹyin sí!"

Ó tún rédíò náà ṣe, ó gbé e gòkè. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ketekete.

"Kí ló dé tó o fi pẹ́ tó báyìí?" ni Àlàájà wí.

"Agbọ́n ni, mà."

"Agbọ́n! Lọ tú ẹrù ẹ, ojo!"

Ó tú u. Ṣùgbọ́n títí dòní, ó máa ń kọ́kọ́ lu ẹ̀yìn rédíò kó tó ṣí i. Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ẹ gbé rédíò yín tó ti bàjẹ́, ẹ tú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó fúnra yín. Ẹ rọra o.