Làálì Tí Kì í Ṣí

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òjòwú kò lẹ́ran láyà. Wọn ò tíì rí Bushrah ni. Òun ni ìyàwó kejì Sàídì, télọ̀ kan ní Bẹẹrẹ; ó lẹ́ran láyà dáadáa, owú sì wà lábẹ́ ẹran náà. Iṣẹ́ Bushrah ni kó máa ka fáìlì àwọn aláìsàn ní ọsibítù kan, kó sì fún àìsàn kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé fi ń dá àìsàn náà mọ̀.

Jamilah, ìyálé rẹ̀, ìyá Misbaudeen, ló ń lé làálì fún àwọn ìyàwó tuntun ní Ọjà'ba. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, á po làálì, á lé e fún Bushrah, á sì lé tirẹ̀. Àmọ́ kì í pẹ́ tí ti Bushrah fi ń ṣí, nígbà tí dúdú kan ṣì máa ń wà ní gìgísẹ̀ Jamilah. Sàídì a máa fi yangàn pé làálì ìyálé kì í ṣí bọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká Bushrah lára gan-an. Ó gbà pé Jamilah ń fi ojúlówó pamọ́ fún ara rẹ̀, ó sì ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kun òun.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Iléyá ti kọjá tipẹ́, Jamilah na ẹsẹ̀ síwájú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Dúdú náà ṣì wà níbẹ̀. Bushrah ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gbé omi gbígbóná, kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wá, ó ní kí Sàídì wá ṣẹlẹ́rìí. Bí kò bá ṣí, a jẹ́ pé làálì méjì ló wà nínú ilé yìí.

Ó fọ̀ ọ́ títí, kò ṣí. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Ó wá gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí Sàídì lè rí i, òun fúnra rẹ̀ sì rí i: etí dúdú náà rí pálapàla, ibì kan dúdú ju ibì kan lọ, àárín rẹ̀ sì wú díẹ̀. Ó ti ka irú nǹkan báyìí nínú fáìlì rí.

"Ìyá Misbaudeen, ìgbà wo lẹ ti ń rí èyí?"

Jamilah ní làálì lòun pè é.

Wọ́n mú un lọ sí ọsibítù tí Bushrah ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n gé díẹ̀ lára dúdú náà lọ sí láàbù fún àyẹ̀wò. Bushrah ṣàlàyé fún Sàídì pé títí èsì yóò fi dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é ní jẹjẹrẹ. Bó bá jẹ́ òkè awọ ló ṣì wà, D03 ni kóòdù rẹ̀, bí wọ́n bá gé e kúrò ó parí. Bó bá ti wọlẹ̀, C43 ni, jẹjẹrẹ awọ ara tó lè rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, D03 ni Bushrah ń tọrọ.

Owú ńkọ́? Kò lọ síbì kan. Sàídì ń sùn sí yàrá Jamilah, títí kan ọjọ́ tó jẹ́ ti Bushrah, á gbé ẹsẹ̀ yẹn lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Bushrah ń bẹ̀rù kí ìyálé rẹ̀ má kú, ó sì ń jowú rẹ̀, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí fáìlì Jamilah dé pẹ̀lú èsì, Olúdayọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbé e fún ẹlòmíràn. Bushrah ní òun lòun rí i, òun náà ni yóò kọ ọ́. C43.7 ló kọ, méje ẹ̀yìn yẹn dúró fún ẹsẹ̀. Ó ti wọlẹ̀, àmọ́ kò tíì jìn.

Wọ́n gé ẹran gìgísẹ̀ náà, wọ́n dá ẹsẹ̀ sí. Dókítà kìlọ̀ pé Jamilah ò gbọdọ̀ lé nǹkan kan sí àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́, kí dúdú tuntun má bàa fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Nígbà tí Iléyá mìíràn ń bọ̀, Jamilah tiro wọ yàrá Bushrah pẹ̀lú abọ́ làálì. Ó kún dẹ́nu.

"Na ẹsẹ̀," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ ti di tìẹ."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Tèmi, wíwò ni. Ìwọ ni wàá máa bá mi wò ó."

Bushrah na ẹsẹ̀, ó ń sunkún. Jamilah lé e fún un títí abọ́ fi gbẹ. Kí oṣù tó parí, gbogbo rẹ̀ ti ṣí.