Ògiri Tó Ń Dán ní Àgídìngbì

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń rẹ́lé láti Agége dé Ìkẹjà, kò sì sí ẹni tó lè bá mi du dídán ògiri. Èmi náà kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Nígbà tí kúlọ́ọ̀bù kan ní Àgídìngbì fẹ́ kọ́ pápá sikúwáàṣì, eré tí àwọn olówó ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri tí kò ṣẹ̀ wọ́n, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ògiri méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká rẹ́, kí wọ́n fi dán wa wò. Wọ́n fún mi ní tiwájú, wọ́n fún ọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà kan ní ti ẹ̀gbẹ́. Òun náà ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ẹni tí tiẹ̀ bá dáa jù ni yóò jẹ́ ọ̀gá lórí gbogbo pápá tó kù. Mo wò ó, àánú ẹ̀ ṣe mí.

Símẹ́ǹtì pàtàkì kan ni wọ́n kó wá, wọ́n ní bọ́ọ̀lù kì í ba ojú ẹ̀ jẹ́. Ìwé kan wà nínú àpò: omi nìkan ni ká fi pò ó, ká má fi nǹkan mìíràn kún un, ká má sì fọ́n ohunkóhun sí i lójú. Ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé kéú. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ta ni bébà fẹ́ kọ́ ní ìrẹ́lé? Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ti dé Agége rí?

Èmi ṣe tèmi bá a ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ògiri ṣì tutù, mo bu símẹ́ǹtì gbígbẹ lọ́wọ́, mo fọ́n ọn sí i lójú, mo sì ń fi irin fà á títí ó fi ń dán. Gbogbo ilé tó dán ládùúgbò wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe rẹ́ ẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Tẹnì kejì ṣú, kò dán rárá. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú rere ni mo fi sọ ọ́ o.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, máníjà kúlọ́ọ̀bù náà wọ ṣòkòtò péńpé, ó gbé ráákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù dé. Ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ títí ó fi làágùn, nǹkan kan ò ṣe é. Ó wá kọjú sí tèmi. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó gbá a, ojú ògiri mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èépá. Dídán yẹn gan-an ló ń já bọ́. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ le koko. Mo ní bóyá bọ́ọ̀lù ọ̀hún ni kò dáa. Máníjà pe ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́, ó ní kó máa ṣe ọ̀gá láti òní lọ.

Ojú tì mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n inú ló bí mi jù. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé ta ló ní kó pa ohun tí mo kọ́ ọ tì. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ fífọ́n yẹn lọ́dọ̀ yín, ẹ ní mi ò lè mọ̀ ọ́n láéláé. Mo gba ohun tẹ́ ẹ sọ. Ìwé yẹn nìkan ló kù tí mo lè tẹ̀ lé."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá rí nǹkan sọ sí i. Mo lọ mú hámà, mo bi í pé ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri mi. Ó ní kí n ti òkè wá.